Oṣù Wo Ni Kí A Fi Ẹsẹ̀ Lé Ọ̀nà Mọ́kà?

Ní àgọ́ àwọn arìnrìn-àjò Mọ́kà tí ó wà ní Mando, ní ìlú Kàdúná, ohun tí ó máa ń jẹ ènìyàn lọ́kàn ni bàálù tí orúkọ òun yóò bọ́ sí àti ìwọ̀n ẹrù tí a gbà láàyè. Ènìyàn lè jẹun òwúrọ̀ ní Kàdúná kí ó sì jẹ tìrọ̀lẹ́ ní Jídà, nítorí nǹkan bí wákàtí márùn-ún péré ni ọkọ̀ òfurufú ń lò lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn bàbá wa, ìbéèrè tí ó wà níwájú ẹni tí ó fẹ́ lọ ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ: oṣù wo ni kí òun fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà? Ẹni tí ó bá ṣi oṣù mú, bí òùngbẹ kò bá pa á, ẹrẹ̀ yóò dá a dúró.

Ọ̀nà náà jìn. Láti Kàdúná, wọn a gba Sáríà dé Kánò, wọn a kọjá sí Hadejia àti Maiduguri, kí wọn tó dé Fort Lamy, ìlú tí a ń pè ní N'Djamena láti ọdún 1973. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti forí lé Abéché, tí wọn yóò sì wọ ilẹ̀ Sudan ní El Geneina. El Fasher ni ó kàn, lẹ́yìn rẹ̀ El Obeid, títí dé etí Òkun Pupa ní Suakin tàbí Port Sudan, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé wọn sọdá sí Jídà. Gbogbo rẹ̀ ju 3,000 kìlómítà lọ.

Ìgbà tí àwọn Hausa ń pè ní kaka, lẹ́yìn tí òjò ti dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá, tí a sì ti kórè ọkà bàbà àti ẹ̀pà, ni àwọn tí ó gbọ́n máa ń gbéra. Owó irè oko ti wà lọ́wọ́. Aká àwọn ará abúlé tí ó wà lójú ọ̀nà kún, sàráà kò sì ṣòro fún wọn láti ṣe. Àwọn odò ti fà, ilẹ̀ dúdú Bornu tí ó wà lẹ́bàá Adágún Chad, èyí tí í máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí ọ̀dà nígbà òjò, ti gbẹ. Ọyẹ́ a máa mú lóru lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń rìn lọ́sàn-án nínú ọyẹ́ kì í tètè rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ẹni tí ó gbéra ní oṣù kọkànlá, tí ó ru ẹní àti ìkòkò, tí ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ tẹ̀ lé e, yóò bá ooru oṣù kẹta sí ìkarùn-ún pàdé ní ibi tí kànga ti jìnnà sí ara wọn jùlọ. Ní ìwọ̀-oòrùn Kordofan, inú ihò igi oṣè, èyí tí a mọ̀ sí kuka níhìn-ín, ni àwọn ará ibẹ̀ ń tọ́jú omi òjò sí. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àlejò tí ó dé nígbà tí omi inú igi ti tán! Bí òjò bá sì tún bẹ̀rẹ̀, a dúró sí abúlé kan, a bá olóko ro oko títí ìkórè yóò fi dé. Láti ọdún 1925 tí iṣẹ́ oko òwú Gezira ti bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn a ṣírò rẹ̀ kí wọ́n lè dé ibẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò já òwú, kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn oṣù mélòó kan ṣe ń di ọdún méjì, tàbí ọdún púpọ̀.

Òṣùpá tún dá kún un. Ọdún ìmàle fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún oòrùn, nítorí náà Iléyá a máa rìn yí gbogbo ìgbà ọdún ká láàárín nǹkan bí ọdún 33. Ní ọdún 1940, oṣù kìn-ín-ní ni ó bọ́ sí. Ní ọdún 1959, oṣù kẹfà ni. Ìmọ̀ràn tí bàbá gba ara rẹ̀ kò lè bá ọmọ rẹ̀ mu. Ìdí rèé tí ẹlẹ́sẹ̀ fi ń wo ìgbà ọ̀nà ju oṣù àjọ̀dún lọ: a dé Sudan ná, a sì dúró de Iléyá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó dúró títí tí kò tún kúrò mọ́, àwọn ọmọ wọn sì di onílé níbẹ̀.

Àwọn kan kò tilẹ̀ rí àyè yan ìgbà. Ní oṣù keje ọdún 1903, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa Sultan Attahiru ní Burmi. Àwọn èèyàn rẹ̀ tí ó kù ń bá ìrìn wọn lọ sí ìlà-oòrùn, ọmọ rẹ̀ Mai Wurno ni ó sì ṣáájú àwọn tí ó tẹ̀dó sí etí odò Nile Aláwọ̀ Búlúù. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú náà ń jẹ́.

Ní ti àwọn Yorùbá, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Kánò, tí ó pé ní nǹkan bí ọdún 1912, ni ó kọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ nínú ìdajì wàhálà. Ní ọdún 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú àwọn tí ń lọ sí Mọ́kà sílẹ̀. Bàálù sì gba ipò ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ náà kò ṣeé gbà mọ́ láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù kẹrin ọdún 2023.

Síbẹ̀ ìbéèrè oṣù kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ooru ní Mọ́kà lé ní ìwọ̀n 51 lórí ẹ̀rọ Celsius, àwọn tí ó kú sì ju 1,300 lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ìwé àṣẹ, nítorí náà wọn kò rí àgọ́ tí ó tutù wọ̀; wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn. Òṣùpá sì ti ń fa àjọ̀dún náà kúrò nínú ooru: oṣù karùn-ún ni ti ọdún 2026, oṣù kejì ni yóò sì jẹ́ ní ọdún 2035.

Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, tí ó ń dá owó jọ díẹ̀díẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nílé, ní láti ṣe ìṣirò náà. Ìyá tí ó jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún ní 2026 yóò ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kí ara Mọ́kà tó tutù ní oṣù kejì, owó ọkọ̀ kò sì tíì pé.