Gánà: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Òkukù, Ìkìrun àti Iníṣà

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti gbé Gánà rí. Kò ṣọ̀wọ́n lágbègbè wa láti rí ìyá àgbà tó gbọ́ èdè Twi, tàbí bàbá tí wọ́n bí sí Kumasi. Nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Góòlù Kóòsì ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn ìlú Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò lọ síbẹ̀. Aṣọ, abọ́ tánganran àti ọjà wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà, títí dé Tamale lókè lọ́hùn-ún.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ilé, ṣọ́ọ̀bù àti owó tí wọ́n tajà àwìn sílẹ̀, wọ́n sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ní 1983, ìjọba Shagari náà lé àwọn ọmọ Gánà kúrò ní Nàìjíríà. Báàgì Ghana-Must-Go tí ẹ fi ń kẹ́rù, ìgbà yẹn ló gba orúkọ. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan fún yín láìsọ èkejì kò tíì sọ̀tàn náà tán.

Bí ẹ bá gba ojú títì láti Èkó, ẹ ó la Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá kí ẹ tó dé ibodè Aflao. Òkun wà ní gúúsù Gánà, Burkina Faso wà ní àríwá, Côte d'Ivoire sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Accra ni olú-ìlú, sídì ni owó wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ti ìjọba. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù 30. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957 ni wọ́n gbòmìnira, ó ju ọdún mẹ́ta lọ ṣáájú tiwa, Kwame Nkrumah ló sì ṣáájú wọn.

Orúkọ Kwame yìí, ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn ẹ̀yà Akan ń fún. Obìnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ kan náà ń jẹ́ Ama. Kofi ni ọkùnrin ọjọ́ Ẹtì, bíi ti Kofi Annan tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1997 dé 2006. Àwọn náà kì í ṣeré pẹ̀lú ìbejì: Ata ni wọ́n ń pè wọ́n, Tawia sì ni ọmọ tó tẹ̀ lé wọn, gẹ́gẹ́ bí Ìdòwú ti rí nílé wa. Inú wa dùn púpọ̀ sí èyí, nítorí ó fi hàn pé a kì í ṣe àlejò pátápátá síra wa.

Àgbẹ̀ kókó Òkukù àti ti ilẹ̀ Asante mọ iṣẹ́ kan náà. Tetteh Quarshie ló mú èso kókó wá láti erékùṣù Fernando Po, tó gbìn ín sí Mampong ní 1879. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Côte d'Ivoire nìkan ló ń ta kókó ju Gánà lọ láyé.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ńkọ́? Àdéhùn ọdún 1979 ti ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gba ọmọ Nàìjíríà láàyè láti wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé yín ní ibodè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé. Ẹ má sì rò pé ẹ lè pàtẹ lójú ọjà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: òfin ìdókòwò wọn ti ọdún 2013 fi kárà-kátà inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan, ìjà lórí títi ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò Nàìjíríà pa sì ti ibẹ̀ wá.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin ni a fẹ́ bá sọ èyí jù: bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí iṣẹ́ fún yín ní Gánà, tó ní òun yóò sanwó ọkọ̀, tó ní kí ẹ má sọ fún ìyá yín, ẹ má bá a lọ. Ẹ fi tó òbí, olùkọ́, ọlọ́pàá tàbí NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, létí lọ́jọ́ náà gan-an.