Ṣé O Mọ̀? Ẹran Tí Ó Ń Gbó Kí Ó Tó Dé Orí Àwo

Ṣé o mọ̀ pé ẹran màlúù tí wọ́n ń gbé síwájú àlejò ní Peter Luger, ilé oúnjẹ ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brooklyn, ní ìlú New York, ní ọdún 1887, kì í ṣe ẹran àpajẹ ọjọ́ kan, bí kò ṣe èyí tí ó ti pẹ́ nínú yàrá tútù, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára tọ̀sán-tòru? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: omi ara rẹ̀ a máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí adùn rẹ̀ yóò fi jinlẹ̀, iṣan tí ó le a dẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a dúdú, a sì gan bí èèpo igi, èyí tí wọn yóò fi ọ̀bẹ gé dànù kí iná tó kàn án. Ohun tí ó mú un wọ́n nìyẹn, nítorí ìwọ̀n tí ó wọlé kọ́ ni ó ń jáde.

Nígbà tí Sol Forman ra ilé náà ní ọdún 1950, Marsha aya rẹ̀ ni ó lọ kọ́ bí a ti ń yan ẹran lọ́dọ̀ ògbólógbòó ayẹranwò kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìyẹn wú mi lórí ju adùn ẹran náà lọ.

Omi pupa tí ń sun jáde lára irú ẹran bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ kọ́ o. Omi inú ẹran ni, èròjà kan tí ń jẹ́ myoglobin ni ó sọ ọ́ di pupa. Nítorí náà, òǹkàwé mi, má ṣe torí rẹ̀ ti àwo sẹ́yìn.