Nígbà tí Àgbà Kò Lè Dìde Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a jọ wọ inú yàrá kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ wọ̀. Arúgbó kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kò sí oògùn tí ó lè wo àìsàn náà sàn mọ́, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Kí ni ó kù láti ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní kò sí nǹkan kan. Èmi pàápàá rò bẹ́ẹ̀ rí, ìyá mi ni ó sì jìyà rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìyá mi tó dágbére fún ayé, wọn kò fẹ́ jẹun mọ́. Mo po ẹ̀kọ, mo fi ṣíbí tì í sí wọn lẹ́nu. Wọ́n yí ojú sí ògiri. Inú bí mi, mo ní, “Màmá, ẹ gbé e mì!” Wọ́n gbìyànjú, ẹ̀kọ pá wọn lórí, wọ́n sì wúkọ́ di òru. Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wá kí wa. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

“Tíṣà,” ni ó wí, “kì í ṣe nítorí pé Màmá kò jẹun ni wọ́n ṣe ń lọ. Nítorí pé wọ́n ń lọ ni wọn kò ṣe jẹun.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí ara bá ń palẹ̀ mọ́, ebi kì í pa á mọ́, ọ̀fun kì í sì lágbára. Oúnjẹ tí a bá fi ipá tì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó rẹ aṣọ tí ó mọ́ sínú omi, ó fi ń pa ètè wọn díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi mí kanlẹ̀.

Irú ìtọ́jú báyìí ní ìtàn. Nọ́ọ̀sì ni Cicely Saunders ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó ti rí ìrora àwọn tí jẹjẹrẹ ń pa lọ, ó padà lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà nígbà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní 1967 ó ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's, irú èyí tí à ń pè ní họ́sípíìsì. Ó kọ́ àwọn ènìyàn pé kí a má dúró dìgbà tí aláìsàn bá ké kí a tó fún un ní oògùn ìrora; kí a máa fún un ní wákàtí tí ó yẹ, kí ìrora má ráyè padà. Ní Uganda, Dókítà Anne Merriman dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1993. Mọ́fíìnì olómi ni wọ́n ń fún aláìsàn mu nínú ilé rẹ̀. Nítòsí wa, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀.

Ẹ̀rù mọ́fíìnì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní ó ń pa ni. Bí dókítà bá wọ̀n ọ́n bí ó ti tọ́ fún ìrora, kì í yára pa aláìsàn. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ìgbẹ́ le, nítorí náà ẹ béèrè oògùn tí yóò jẹ́ kí ó rọ̀.

Ẹni tí ó ń dùbúlẹ̀ sí ojú kan yóò dá egbò sí ìdí, ìgbáròkó àti gìgísẹ̀. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ tútù pẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí n fò. Bí àgbà bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, àwọn kan á ní ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Irọ́ ni! Ó lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀, tàbí àìmu omi tó, tàbí ìgbẹ́ tí ó há. Ẹ pe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí ṣeé tọ́jú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Ẹ lè rẹ ètè Màmá Àgbà, kí ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ ki oríkì wọn sí wọn létí. Àwọn dókítà gbà pé ẹni tí kò lè lajú mọ́ ṣì lè máa gbọ́ràn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe dúró lórí rẹ̀ kí ẹ máa ṣírò owó aṣọ ẹbí.

Kí ẹnu tó wọ́lẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ó fẹ́. Mo bi ìyá mi. Mo ti rò pé wọn yóò dárúkọ ilẹ̀ tàbí ẹrù wọn. Wọ́n ní yàrá dá jù, àwọn fẹ́ máa gbọ́ ohùn àwọn tí ń lọ sọ́jà. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, èmi àti àbúrò mi gbé ẹní wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.