Ìpàtẹ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ìtàn Sísọ ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé: Àpẹẹrẹ Àwọn Iṣẹ́ Ọnà Bìní

1. Ìfáárà

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ jọ sí, kí ojú lè rí i, kí ọkàn sì lè rántí. Ní Nàìjíríà, ti Ẹ̀sìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, ni àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti Ifẹ̀, ti Èkó àti ti Bìní tó dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fẹ́ rí ohun tí ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ti yí èyí padà. Ní ọdún 2011 ni Google Art Project bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 17. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, UNESCO ṣírò rẹ̀ pé nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 100 ní àgbáyé, bí 90 ni ó ti ìlẹ̀kùn. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gba àlejò. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Louvre ti ìlú Paris gbé àkọsílẹ̀ ohun tí ó lé ní 480,000 sí orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn pàtẹ ohun, ọ̀tọ̀ ni kí ó pìtàn rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Àpẹẹrẹ tí ó gbé yẹ̀ wò ni Digital Benin, ìpàtẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣa àwọn iṣẹ́ ọnà Bìní tí wọ́n ti fọ́n káàkiri ayé jọ sí ojú kan. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àwòrán nìkan kò lè pìtàn, bí ó ti wù kí ó mọ́lẹ̀ tó. Ìgbà tí orúkọ, ohùn àti ìrìn-àjò ohun náà bá bá àwòrán rẹ̀ rìn ni ìpàtẹ tó di ìtàn.

2. Ohun tí ìtàn ní tí ìpàtẹ kò ní

Ẹni tí ó bá mọ bí àlọ́ pípa ṣe rí láàrin àwọn Yorùbá yóò mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ ṣàì sí níbẹ̀. Èkínní ni ẹni tí ń sọ ọ́. Apàlọ́ kì í fi ara pamọ́. Àwọn tí ó jókòó mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ilé tí ó ti jáde, wọ́n sì mọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Èkejì ni ètò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni ó ń bí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ẹnìkan bá da ètò náà rú, ìtàn náà bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni olùgbọ́. Bí apàlọ́ bá pe àlọ́ tí kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, kò sí àlọ́ níbẹ̀.

Ìpàtẹ lè wà láìsí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú àpótí gíláàsì, ohun kan lè wà pẹ̀lú nọ́ńbà, irú ohun tí wọ́n fi ṣe é, gígùn rẹ̀ àti ọdún tí ó wọ ilé náà. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ kí ẹni tí ń wò ó má mọ ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀, kí ó má mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ó má sì rí ibi fèsì. Bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bá gbé irú àkọlé bẹ́ẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti rí, ohun tí ó ṣe kò ju pé ó sọ àpótí gíláàsì náà di púpọ̀.

3. Bí ìtàn ṣe bọ́ lára àwọn ohun Bìní

Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú Bìní. Wọ́n kó ààfin, iná sì jó ìlú. Wọ́n gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi wàjà ní ọdún 1914. Ohun tí wọ́n kó lọ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún: orí tí a fi idẹ dà, pátákó idẹ, eyín erin gbígbẹ́, ọ̀pá àti ohun ọ̀ṣọ́ oyè. Kí ọdún náà tó parí ni British Museum ti pàtẹ pátákó idẹ bí 300 ní London.

Àwọn pátákó yìí ni ó fi ohun tí ó sọnù hàn jù lọ. Ara òpó ààfin ni wọ́n ń kàn wọ́n mọ́ nígbà kan. Olfert Dapper, ará Holland, ti sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1668 pé wọ́n fi bàbà bo òpó ààfin Bìní, àwòrán ogun àti ìṣẹ́gun sì wà lára wọn. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi máa dé, wọ́n ti sọ pátákó náà kalẹ̀ sínú yàrá kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn lọ, tí wọ́n sì pín wọn sí London, Berlin, Vienna àti ibòmíràn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ètò tí ó so wọ́n pọ̀ sílẹ̀. Nínú èdè Ẹ̀dó, sa-e-y-ama ni wọ́n ń pe kí ènìyàn rántí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kí a da àwòrán sí ara idẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó tú pátákó náà ká tú ìrántí ìlú ká pẹ̀lú.

Ìbòjú eyín erin ti Idia, ìyá Ọba Ẹsigie, jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Méjì nínú irú rẹ̀ ti inú yàrá Ọba bọ́ sí ọwọ́ Ralph Moor, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì; lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Seligman rà wọ́n. British Museum gba ọ̀kan ní ọdún 1910. Òun ni Nàìjíríà fi ṣe àmì àjọ̀dún FESTAC ní 1977, tí ilé náà kò sì yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó wá sí Èkó. Èkejì wà ní Metropolitan Museum ní New York. Nínú àkọsílẹ̀ ilé náà, ẹ̀bùn Nelson Rockefeller ní ọdún 1972 ni wọ́n pè é. Irọ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yìí, ṣùgbọ́n ìparí ìtàn ni. Kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìlà náà nìkan yóò rí ọ̀làwọ́ kan, kò ní rí ààfin tí ó jó.

4. Digital Benin

Ní ọdún 2020 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Digital Benin. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé MARKK ní Hamburg, ní Jámánì, ni ó gbà á sílé. Àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n sì jọ ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ohun tí ó lé ní 5,000 ni ó wà níbẹ̀, láti ilé 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Iye yìí pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀ wò.

4.1 Asọ̀tàn

Apá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Ẹyo Otọ, èyí tí ó túmọ̀ sí ìpìlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi orúkọ Ẹ̀dó tò àwọn ohun náà, tí ènìyàn sì lè gbọ́ bí ẹnu ọmọ Ẹ̀dó ṣe ń pe orúkọ ọ̀hún. Èyí ju ọ̀ṣọ́ lọ. Ohun tí ìwé òyìnbó pè ní orí idẹ lásán, uhunmwun elao ni onílé ń pè é, orí tí ó wà lórí ojúbọ àwọn tí ó ti kọjá lọ. Ohun tí wọ́n pè ní ère róbótó, ikegobo ni, ojúbọ ọwọ́ ènìyàn, nítorí pé ọwọ́ ni ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ tí ó fi ń là. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí orúkọ bá padà sí ara ohun kan, ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ padà pẹ̀lú rẹ̀.

Apá mìíràn ni Itan Edo, tí ó ṣe àlàyé ìjọba Bìní àti ibi tí àwọn ohun náà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ní ìlú Bìní fúnra rẹ̀. Níhìn-ín ni asọ̀tàn ti jáde síta: olùgbọ́ rí ojú rẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

4.2 Ètò

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè to ohun kan náà ní ọ̀nà púpọ̀. Ó lè to pátákó tí ó wà ní London sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó wà ní Berlin, kí onímọ̀ lè wo bóyá iṣẹ́ ọwọ́ asúdẹ kan náà ni. Kò sí ilé kan tí ó lè fi ògiri rẹ̀ ṣe èyí. Digital Benin tún ní àpá tí ó to orúkọ àwọn tí ohun náà gba ọwọ́ wọn kọjá, ológun, oníṣòwò àti olùtajà, pẹ̀lú máàpù tí ó fi ibi tí wọ́n wà hàn. Bí ènìyàn bá tẹ̀ lé ìlà yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ọdún 1972 yóò bọ́ sí ipò tirẹ̀ ní ìparí.

Síbẹ̀, títò kò tíì di ìtàn. Ẹni tí ó bá wọ inú àkójọ ohun 5,000 láìsí afinimọ̀nà lè jáde láìmọ ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí apá Itan Edo fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ lè wá ohun tí ènìyàn bá béèrè; ẹni tí ó mọ ìtàn ni ó mọ ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè.

4.3 Olùgbọ́

Ìpàtẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́ tí kò lè dé London láéláé. Ọmọ asúdẹ ní òpópó Igun lè wo iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe láìgba ìwé ìrìnnà. Ṣùgbọ́n ìdènà wà. Dátà ń náni lówó, iná mànàmáná kì í dúró, àwọn àgbà tí ìtàn wà lẹ́nu wọn sì lè má mọ ẹ̀rọ lò. Nínú ìtàn sísọ, olùgbọ́ a máa dáhùn, a máa gbè, a sì máa tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ìpàtẹ tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún onílé láti sọ pé orúkọ yìí kọ́, tàbí pé ojúbọ mìíràn ni èyí wà fún, ti sọ olùgbọ́ di òǹwòran.

5. Ibi tí agbára ìpàtẹ náà mọ

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ukhurhe, ọ̀pá ojúbọ àwọn baba ńlá, ní ohun tí ń dún nínú. Wọ́n a máa fi í lu ilẹ̀ kí àwọn ará ọ̀run lè gbọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀pá náà dákẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gba ìró rẹ̀ sílẹ̀, ojúbọ kò sí níbẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fi í lù kò sì sí níbẹ̀. Fún ìdí yìí, ewu ńlá ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé níwọ̀n ìgbà tí àwòrán ti wà fún gbogbo ayé, kò sí ìdí láti dá ohun náà padà mọ́. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kò gbe irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Jámánì dá ohun 20 padà ní Àbújá. Ní ọdún 2025, Netherlands dá 119 padà. Àwòrán wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun náà gan-an sì padà sílé. Kò yẹ kí ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ awo náà tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun ojúbọ ni ó wà fún ojú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ni ohun ni ó yẹ kí ó sọ èyí tí wọ́n lè fi hàn àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n dá aṣọ bò. Asọ̀tàn tí ó mọ iṣẹ́ mọ ibi tí a ń dákẹ́ sí.

6. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ìmọ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ Bìní kan Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn ọpọ́n Ifá tí ó pẹ́ jù lọ tí àkọsílẹ̀ wà fún wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Láti Allada, ní ilẹ̀ tí ó ti di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ni ó ti dé ọwọ́ Christoph Weickmann. Nínú ìwé àkójọ tí Weickmann tẹ̀ jáde ní 1659, pátákó ìrúbọ ni wọ́n pè é, wọ́n sì ka àwòrán ara rẹ̀ sí ti èṣù burúkú. Ọpọ́n náà kò sọnù rárá. Orúkọ rẹ̀ ni ó sọnù. Ó sì dìgbà tí àwọn tí ó mọ Ifá wò ó kí orúkọ náà tó padà.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ayé: ọpọ́n Ifá, ère ìbejì, ọ̀pá Ọ̀ṣun, osé Ṣàngó. Bí wọ́n bá ń gbé wọn lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ayàwòrán nìkan. Ti onímọ̀ èdè ni láti rí i pé orúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn lè di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ti onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni láti gba oríkì àti ìtàn ohun náà sílẹ̀ lẹ́nu babaláwo, agbẹ́gilére àti àwọn olórìṣà, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ sí i. Bí wọn kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò kọ àkọlé, àkọlé náà ni àwọn ọmọ tí ń bọ̀ yóò sì kà.

7. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìpàtẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì lè pìtàn bí ó bá ní asọ̀tàn tí ó ṣeé dá mọ̀, ètò tí ó fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìparí, àti olùgbọ́ tí ó ní ẹnu láti fèsì. Digital Benin ti ṣe púpọ̀ nínú méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù, nítorí ó ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ. Ó tún fi hàn pé irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ kò lè dípò ohun gidi tí ó yẹ kí ó padà sílé. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó dá orúkọ padà ṣáájú, kí ohun náà lè bá orúkọ rẹ̀ nílé nígbà tí ó bá dé.