Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Yẹ Iyùn Inú Àpótí Gíláàsì

Bí a bá dárúkọ iyùn ní ilẹ̀ Yorùbá tàbí ní Ìbìnní, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun ni iyùn, àwọn ènìyàn sì ń sìn ín láàyè nínú àpótí gíláàsì tí omi iyọ̀ kún. Iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ a máa gbé níbi tí ó ṣókùnkùn nínú Òkun Mẹditaréníà. Èyí tí ń kọ́ òkìtì nínú òkun gbígbóná yàtọ̀: ewéko kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń bù fún un. Ẹni tí ó ra àtùpà fún un, oúnjẹ ni ó rà.

Bí ẹ bá bi mí léèrè iná tí ó yẹ, nǹkan mẹ́ta ni n ó dárúkọ. Èkíní ni àwọ̀: omi òkun a máa gbé àwọ̀ pupa mì kíákíá, ṣùgbọ́n àwọ̀ aró a máa wọlé jìnnà, nítorí náà, kí àwọ̀ aró pọ̀ nínú iná náà. Èkejì ni agbára: lórí òṣùwọ̀n PAR, tí ń wọn kìkì ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò, iyùn rírọ̀ sábà ń fẹ́ 50 sí 150, èyí tí ó lẹ́ka líle ń fẹ́ 200 sí 350. Ẹ̀kẹta ni àkókò: wákàtí 8 sí 10 lóòjọ́ tó.

Ẹ má ṣe tan gbogbo agbára iná náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá pọ̀ lójijì, iyùn yóò lé àwọn ewéko náà jáde, yóò funfun bí egungun, ebi yóò sì pa á. Díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, ni kí ẹ máa fi kún un. Oúnjẹ dídára pàápàá, àjẹjù rẹ̀ a máa pani.