Òkò Tí A Sọ Sọ́jà

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní kan, tí wọ́n bí sí Sábọ̀n Gàrí ní Kánò bí wọ́n ti bí àwa náà síbẹ̀, dìde láti sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó fẹ́ sọ pé ọkọ̀ bàbá òun ló gbé òun wá síléèwé. Ohùn rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, "ọkọ bàbá mi" ló jáde. Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Mọ́là, sànnú o!" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ọmọ náà ti di Ọkọ Bàbá. Àwa tí à ń kọ èyí bá wọn rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, ẹ̀rín tiwa ló le jù, kí ẹnikẹ́ni má baà rántí ibi tí àwa náà ti wá.

Nígbà tí a wá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa pé ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ní, "Ta ló nà án?" Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó nà án. Ṣùgbọ́n ìtàn Sábọ̀n Gàrí ní ohun kan láti sọ fún ẹni tó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya Sábọ̀n Gàrí sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn àjèjì. Yorùbá dó síbẹ̀, Ìgbò dó síbẹ̀, oníkálukú ń ṣòwò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, 1953, Anthony Enahoro dá àbá ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣòfin Òkè Ọya kò fara mọ́ ọn. Bí wọ́n ti jáde, àwọn èrò Èkó ń hó lé wọn lórí, wọ́n ń bú wọn, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó, kò gbàgbé rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1962.

Kò pé oṣù méjì tí ẹgbẹ́ Action Group fi ní àwọn ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé ní Kánò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kárùn-ún, ó di ọjọ́ 19. Ìwé ìjọba sọ pé ènìyàn 36 ló kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì lé ní 200. Sábọ̀n Gàrí ni ogun náà ti le jù. Èkó ni wọ́n ti hó, Action Group ló fẹ́ ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n àwọn Ìgbò tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn ni ìyà náà jẹ jù nínú àwọn ará Gúúsù. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

A kò sọ pé yẹ̀yẹ́ nìkan ló fa ìjà náà. Òṣèlú wà níbẹ̀, ẹni tó sì fa ọ̀bẹ yọ ló jẹ̀bi ọ̀bẹ. Kò lè ní èébú ló pa ènìyàn. Síbẹ̀, ẹni tó hó kò lè ní òun kò mọ nǹkan kan. Ní 1966 pàápàá, lẹ́yìn tí wọ́n pa Sardauna ní oṣù Kìn-ín-ní, àwọn kan ń lu àwo orin Rex Lawson kan tí ewúrẹ́ ti ń ké sétí àwọn Haúsá, láti fi òkú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní òpin oṣù Kárùn-ún, Sábọ̀n Gàrí tún gbóná. Ní Rùwáńdà, rédíò RTLM fi orin àti àwàdà fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra, ó sì ń pe àwọn Tutsi ní aáyán. Nígbà tí ìpakúpa dé ní 1994, ta ni àánú aáyán yóò ṣe?

Kì í ṣe pé kí a má ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ o. Ní Kánò tí à ń wí yìí, Fúlàní á pe Kànúrì ní ẹrú òun, Kànúrì á ní irọ́ ni, ìwọ gan-an ni ẹrú mi, àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín. Barkwanci ni Haúsá ń pè é. Ohun tó mú un dùn ni pé ẹnu àwọn méjèèjì gba á, bí o ti sọ ọ́ ni wọn yóò ṣe dá a padà fún ọ. Ẹnu wo ni ọmọ ọdún kìn-ín-ní yẹn ní? Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu, òun nìkan ló dúró, èdè tí ì bá fi fèsì gan-an ni wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ní Kánò, Bàyàrábè ni wọ́n ń pè é. Ó dé àárín àwọn Yorùbá tán, ó di mọ́là. Gàmbàrí ni a ní à ń bú, ọmọ wa ló bà.

A lọ bá a ní yàrá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti tọrọ àforíjì. A kan ilẹ̀kùn, a ní, "Àbúrò, báwo ni? Ṣé dáadáa ni?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sún ìjókòó fún wa, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn.