Ààbò Òṣìṣẹ́ Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Ṣe Èròjà Oògùn Alágbára: Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Fi Ṣáájú Ìbòmú

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó ń kọ́ kẹ́mísírì pé kí ló ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ eruku kẹ́míkà, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwa náà la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yóò lo ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe èròjà oògùn alágbára láti fi hàn pé ẹ̀yìn ló yẹ kí ìbòmú wà.

Èròjà alágbára ni èyí tí bíńtín rẹ̀ ti tó láti yí iṣẹ́ ara padà. Ẹ wo ethinylestradiol, họ́mọ̀nù inú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Nǹkan bí máíkírógíráàmù 30 ló wà nínú ọ̀pọ̀ hóró oògùn náà. Hóró iyọ̀ kan ṣoṣo sábà máa ń wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1976, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú oògùn yìí ní Puerto Rico. Láàárín ọdún tó ṣáájú, ọkùnrin 5 nínú 25 àti obìnrin 12 nínú 30 ló ti ní àmì pé họ́mọ̀nù obìnrin ti pọ̀ jù lára wọn. Ọmú àwọn ọkùnrin ń wú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára àwọn obìnrin nígbà tí kò tó àkókò nǹkan oṣù wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣirò yìí wúlò fún kíláàsì. Nínú wákàtí 8, òṣìṣẹ́ máa ń mí nǹkan bí kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ 10 sínú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ka èròjà sí alágbára bí ààlà rẹ̀ nínú kúbíìkì mítà kan bá jẹ́ máíkírógíráàmù 10 tàbí kó dín. Bí ethinylestradiol tó wà nínú afẹ́fẹ́ bá tó 10 yẹn, òṣìṣẹ́ yóò ti mí 100 sínú kó tó ṣíwọ́: ó ju hóró oògùn 3 lọ, lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ààlà tiẹ̀ fi kéré gan-an sí 10. Ojú kò sì lè rí irú eruku bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, eruku gan-an ni wọ́n ń kọ́kọ́ dènà. Bí ó bá ṣeé ṣe, wọ́n á fi èròjà náà sílẹ̀ nínú omi, kò ní di lẹ́búlẹ́bú. Bí ó bá di lẹ́búlẹ́bú, inú àpótí tí a pa dé pinpin ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ìbọ̀wọ́ gígùn á sì ti wà lára ògiri àpótí náà tí òṣìṣẹ́ yóò ki ọwọ́ bọ̀. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú yàrá á rẹlẹ̀ ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kó má jáde. (Èyí tako ohun tí ìmọ́tótó oògùn ń fẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lè kó ìdọ̀tí wá, yàrá kékeré tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀.) Ṣúgà inú wàrà ni wọ́n sábà máa fi ń dán àpótí náà wò, wọ́n á wá yẹ afẹ́fẹ́ wò bóyá ó jò.

Ìbòmú ló kẹ́yìn. Irùngbọ̀n lè má jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ojú, òógùn lè mú un yọ̀. Ìgbà tí a ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ gan-an léwu: wọ́n ní láti fi omi rin ín kí eruku ara rẹ̀ má bàa fò, aṣọ náà kò sì gbọ́dọ̀ dé ilé.

Fún kíláàsì, èlùbọ́ àti tọ́ọ̀ṣì ti tó. Ẹ pa fèrèsé dé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan da èlùbọ́ láti inú abọ́ kan sí òmíràn. Lẹ́yìn náà, kó tún un dà nínú ọ̀rá funfun tí a so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí nínú ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìbòmú.